Àdúrà Tí Mo Gbà fún Ẹni Tó Ni Àwo Orin

Má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, ara wo ni kí n fi balẹ̀, ṣé èyí tí àbúrò rẹ obìnrin ti dì sínú páálí pẹ̀lú àwo orin mi, tó gbé e lọ fún àwọn tó ń ta ọjà àlòkù nídìí ibùdókọ̀? Jókòó. Má jókòó sórí ìyẹn, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Bọ́ síbí. Mo mọ̀ pé òun ló rán ọ wá. Kò lè wá fúnra ẹ̀, ó mọ ohun tó ṣe, ó wá rán ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó wá fi ojú àánú wò mí. Ó dáa, àkọ́bí mi, ìwọ gan-an ni kí o dá ẹjọ́ yìí. Ìyá rẹ ra ẹrù ara ẹ̀. Ó fi owó ra ẹrù ara ẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un.

Kí ló ní mo ṣe? Ó ní mo ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ló ṣubú? Mi ò ṣubú, mo jókòó lójijì ni. Ṣé àgbàlagbà ò tún lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara ẹ̀ mọ́ ni? Páálí kan ló kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo sì rọra fìdí kalẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ àfi aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀, olófòófó yẹn, òun ló pe àbúrò rẹ lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ ò ti fún mi ní ìsinmi. Màmá, ẹ ò ráyè rìn nínú ilé yìí. Màmá, ẹ fẹ́ ṣẹ́ egungun ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣé ìfẹ́ kò wá lè kọ́kọ́ bi èèyàn léèrè ni?

Bí mo ṣe lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, ló bá ráyè. Ó wá bá mi tún ilé ṣe. Ilé tí kò bàjẹ́! Ó ní òun fẹ́ kó yà mí lẹ́nu.

Ó yà mí lẹ́nu.

Ìwọ náà ti bi mí rí pé kí ni mò ń fi wọ́n ṣe. Mò ń gbọ́ wọn ni. Àwọn àwo kékeré yẹn, tó jẹ́ orin kan níwájú, orin kan lẹ́yìn, kì í ṣe tàwọn olókìkí ni mò ń wá kiri, àwọn olókìkí ti lẹ́ni tó ń gbọ́ wọn. Ta ló ń gbọ́ ti dókítà eléyín tó kọrin nípa búrọ́ọ̀ṣì? Ta ló ń gbọ́ tàwọn panápaná tó ń fun fèrè, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì ń fun tiẹ̀ lọ lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti parí? Ọkùnrin kan wà tó fi ojú àkọ́kọ́ yin kẹ̀kẹ́ ẹ̀, yíyìn tí wọ́n ń yin ìyàwó, nígbà tí o bá yí àwo náà sí òdìkejì, wọ́n ti jí kẹ̀kẹ́ gbé, ó ń sunkún. Àwọn èèyàn yìí wọ aṣọ dáadáa jáde nílé lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ gba ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n rò pé ayé ń dúró dè wọ́n. Bí mi ò bá gbọ́ wọn, ta ni?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, báàgì mi wà lọ́wọ́, mi ò tíì délé, ẹsẹ̀ mi gbé mi wọ ṣọ́ọ̀bù ọjà àlòkù. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti pàdé Gíláàsì-Méjì. O ò mọ̀ ọ́n? Òun náà ń wá àwo bíi tèmi. Ọ̀kan wà lójú ẹ̀, ọ̀kan wà níwájú orí ẹ̀, ó sì máa ń wá ẹ̀kẹta. Ó kí mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. O ò rí i pé ohun ńlá nìyẹn? Ẹni tó ń wá àwo kì í rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá rí ohun tó dáa, ṣe lo máa fajú ro, wàá mí kanlẹ̀, wàá fi í sáàárín méjì mìíràn tí o ò fẹ́, wàá sì máa ṣe bí ẹni tí wọ́n fi tipá rán níṣẹ́. Ọkùnrin yìí ti sanwó tiẹ̀ tán ló fi ń yọ eyín. Mo ní kó jẹ́ n rí i. Ó fi hàn mí. Àwo Ìyá Aránṣọ ni.

Má sọ pé o ò mọ Ìyá Aránṣọ. Orin kan péré ló kọ láyé ẹ̀. Wọ́n ń gba ohùn ẹ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá yẹn, kò dúró, ó ní, "Dákẹ́, ó ti ń parí lọ," ó sì padà sínú orin bí ẹni tó kàn fẹsẹ̀ gbá òkúta. Nígbà tí àbúrò rẹ ń hu eyín, tí gbogbo ilé ò sùn, orin yẹn nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ inú àwo bá ti ké, tiẹ̀ á dúró, á máa wo abẹ́ ẹ̀rọ, á máa wá ọmọ náà. Ìwọ gan-an máa ń gbé bísíkíìtì sábẹ́ ẹ̀rọ fún un. Èèrà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa jáde.

Kí ni mo wá ṣe fún Gíláàsì-Méjì? Inú mi dùn sí i. Mo ní èmi náà ní ọ̀kan nílé, mo rò pé òun nìkan ló kù láyé. Mo kí i kú oríire. Mo wá di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ní kó búra fún mi pé kò ní tà á, kò ní fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí onítọ̀hún bẹ̀ ẹ́ tó. Ó búra. Tọkàntọkàn.

Dúró, mi ò tíì parí. Mo wọlé, mo lóṣòó ti páálí àwo kan. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo wo abẹ́ ẹ̀, àwọn panápaná. Dókítà eléyín. Mo ní ẹ gbà mí, arábìnrin mi wà nílùú yìí, ohun tí mo ní náà ló ní, ohun tí mo fẹ́ràn náà ló fẹ́ràn. Wọ́n sì mọ́ tónítóní. Mo bi obìnrin tó ń tajà pé ta ló ni wọ́n, ó ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló gbé wọn wá, ó ní ti ìyá òun ni.

Ti ìyá òun. Ìwọ sọ fún mi, ìgbà wo ni ọmọ máa ń gbé páálí ẹrù ìyá ẹ̀ wá sí irú ibi bẹ́ẹ̀? Omijé lé ròrò sójú mi. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo gbàdúrà fún ìyá náà. Mo ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Mo ní arábìnrin, sùn re, àwo rẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọyì ẹ̀. Àdúrà náà gùn, obìnrin tó ń tajà sì ń ṣe àmín. Èmi ni òkú! Òkú tó dúró sórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, tó tún ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín owó ẹrù ẹ̀ kù.

Mo wá bínú sáwọn ọmọ ẹ̀. Mo ṣépè fún wọn, díẹ̀. Mo ní nígbà tí wọn ò mọ iyì ohun tí ìyá wọn kó jọ, kí ìbọ̀sẹ̀ wọn má pé méjì mọ́ títí láé. Àràárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ́ báyìí pé mi ò wí i, Olúwa, ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Torí obìnrin tó ń tajà ní ọmọbìnrin yẹn ò dá wá, ó ní ọkùnrin kan jókòó sínú ọkọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, tó ń tẹ fóònù...

Kí lò ń wolẹ̀ sí?

Wò mí lójú. Ìwọ lo wa ọkọ̀? Áà. Adájọ́ ni mo ní kó wá, ọ̀daràn kejì ló jókòó síwájú mi. O ò mọ ohun tó wà nínú páálí? O ò béèrè? Gbé ṣòkòtò rẹ sókè díẹ̀, jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ rẹ. Ó parí. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní ìlà. Mi ò wí i o, Olúwa mi, mi ò wí i.

Nígbà tí mo délé, mo sáré gun àtẹ̀gùn kí n lè to àwọn tí mo rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní méjì-méjì. Àwọn àpò aṣọ tí mo fọwọ́ mi rán fún àwọn àwo mi ló pàdé mi. Àbúrò rẹ ti fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí okùn, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Olófòófó ìsàlẹ̀ ń kí mi kú àbọ̀, ó ní ilé mi ti láyè.

Gbogbo ẹ̀ ti padà sílé, ó ku Ìyá Aránṣọ, tèmi ni Gíláàsì-Méjì rà yẹn. Mo pe Gíláàsì-Méjì. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má fún ẹnikẹ́ni bó ti wù kó bẹ̀ mí tó. Ẹ sì ti ń bẹ̀ mí báyìí." Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ní òun ò búra pé òun ò ní yá èèyàn. Yíyá kì í ṣe fífúnni. Ó ní òun lè yá mi títí mo fi máa kú, ikú gidi lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé àwo náà wá han òun ní gbogbo Sátidé, kóun mọ̀ pé ó wà láàyè, kí àwọn jọ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì gbọ́ tòun náà pẹ̀lú. Ó ní àwọn tòun pọ̀. Ó ní kí n wá ẹni tó máa dúró fún mi, tó máa máa gbé e wá.

Mo fún un lórúkọ àbúrò rẹ.

Má dá sí i. Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, mi ò fẹ́ kó kúnlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó ra nǹkan kan fún mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni. Òun ló máa gbé àwo, ìwọ lo máa wa ọkọ̀, o sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ máa jókòó ti ọkùnrin yẹn, ẹ ò ní tẹ fóònù, ẹ máa gbọ́ gbogbo ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Pè é báyìí, mò ń gbọ́. Sọ fún un kó mú súwẹ́tà dání, pálọ̀ ọkùnrin yẹn tutù, kó sì jẹun kó yó kó tó wá, torí pé kò sẹ́ni tó máa tètè kúrò níbẹ̀.