Fíìmù Tí Ìyá Ọkọ Ò Ti Jẹ́wọ́

Mo ń dúró kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà, níbi tí wọ́n tún ti ń bá èèyàn kó fíìmù sínú fóònù, nígbà tí obìnrin kan wọlé tìbínú-tìbínú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rẹ́ mi jẹ. Ẹ ò kó apá kejì fún mi."

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Kò ní apá kejì, àǹtí. Ó ti parí."

"Ó parí báwo? Ọmọ kú, ìyá ọkọ ò jẹ́wọ́, kò ya wèrè, wòlíì ò dé. Ta ló wá pa ọmọ?"

"Ibà ni. Ṣebí dókítà sọ ọ́."

"Ibà lásán? Ta ló ń gbọ́ ti dókítà nínú fíìmù?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti dá ìyá arúgbó lẹ́bi kí wọ́n tó kọ orúkọ òṣèré tán. Ohun tó jẹ́ kí fíìmù yẹn dára nìyẹn: ó sọ gbogbo yín di òpùrọ́."

"Ó dára lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó, mo sì sunkún. Ṣùgbọ́n èmi lé ìyá ọkọ tèmi lọ sí Ìjànikin nígbà tí oyún bà jẹ́ mọ́ mi lára."

"Ṣé wọ́n jẹ́wọ́?"

"Rárá."

"Kí ni dókítà sọ?"

Obìnrin náà yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mọ́mì, tí èèyàn bá lé ìyá ọkọ rẹ̀ láìṣẹ̀, kí ni wọ́n ń gbé dání lọ bẹ̀ wọ́n?"