Ikọ́ Tí Wọ́n Ń Gbé Mì

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ń jọ èlùbọ́ ní ọjà Ipata, a ò gbọ́ ọ rí pé nǹkan kan ń jẹ́ ààbò òṣìṣẹ́. Ẹ gbọ́. Ìyá Sàfú ni ọ̀gá wa. Ahun ni, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ṣùgbọ́n ọdún tí ikọ́ burúkú kan wọ ọjà, ó ní, "Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó lọ dùbúlẹ̀ sílé. Oúnjẹ rẹ̀ á bá a níbẹ̀." Oúnjẹ sì ń lọ lóòótọ́. Ṣé àánú ni? Àánú kẹ̀? Ó ní tí ebi bá ń pa aláìsàn, á pa ikọ́ mọ́ra, á wá wú u sínú èlùbọ́ òun. "Ta ló máa wá rà á?"

Ayé ti là báyìí. Àwọn ọ̀gá ti kàwé. Nígbà Kòrónà, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ìrẹsì sápò ni Sìmíátù ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wọn gbọ́n ju Ìyá Sàfú lọ jìnnà. Ó gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu géètì... fún àlejò. Bí àwọn ará ìjọba bá ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò, á pín ìbòmú fún àwọn òṣìṣẹ́. Bí mọ́tò ìjọba bá ti yípo báyìí, á gbà á padà, á kó o sínú ọ̀rá, kó má baà dọ̀tí. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ràn ìmọ́tótó?

Òfin rẹ̀ ló wá dùn jù. Ẹni tó bá wúkọ́, kó jókòó sílé. Ẹni tó bá jókòó sílé, owó rẹ̀ náà jókòó. Ni ikọ́ bá tán ní iléeṣẹ́ pátápátá. Oògùn tó dára gan-an. Èjìká ń gún èjìká, wọ́n ń fi orógbó àti atare gbé ikọ́ mì bí òkèlè.

Sìmíátù wá ń mí bí ẹni tó sáré. Mo ní kó má lọ mọ́.

Ó ní, "Ìyá mi, kí làwọn ọmọ máa jẹ?"

Opó ni mí, mo mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe ń ta. Mo wé gèlè, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ọ̀gá ní GRA. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá mi dúró, ó fọwọ́ bo imú.

"Ìyá, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ mi dùbúlẹ̀ sílé, kí owó oṣù rẹ̀ má dùbúlẹ̀."

"Ìyá, ẹ̀yin náà oníṣòwò ni. Iṣẹ́ là ń ṣe, a ò ṣe sàráà."

"Ó dáa. Á wá lọ́la. Ọ́fíìsì yín ni màá ní kó ti máa di ìrẹsì, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn tútù wà."

Ó sún sẹ́yìn. Ó ní kó lọ sinmi, òun á sanwó.

Ìròyìn dé àárín àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ikọ́ ń jáde láti igun gbogbo. Ṣé ọjọ́ yẹn ni àrùn dé? Rárá o. Ẹnu ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rí i pé àárín ikọ́ lòun ti ń jẹun, ló bá ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé towó-towó, òun á san án.

Ara Sìmíátù yá, alihamudulilahi. Bàbá Múìnì tó ń gbé àpò sí mọ́tò kò dúró gbọ́ ìròyìn náà. Ó ti gbé tirẹ̀ mì dé sàréè. Ọ̀gá wá sí fidáù o. Ìbòmú méjì ló wọ̀ léra wọn.

Ìwọ Ráhímá ọmọ mi, o ti ń gba ọmọṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Máa bi wọ́n láràárọ̀ bóyá ara wọn le. Kí o sì rí i pé òtítọ́ tí wọ́n bá sọ fún ẹ kò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.