Orí Fóònù Ni Mo Ti Kọ́kọ́ Mọ Ìyálé Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, orúkọ wo lẹ máa pe obìnrin tí ẹ bá pàdé lórí fóònù, tí ẹ fẹ́ràn bí ọmọ ìyá yín, tí ẹ wá padà mọ̀ pé ìyálé yín ni láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn? Mo ti bi ara mi léèrè títí, mi ò rí èsì. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àpótí ìrìn-àjò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nílé wa ní Mowé, mo ti dì í tán. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ọkọ̀ ojú omi gbéra. Mi ò mọ̀ bóyá kí n tú ẹrù náà ni o, tàbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ṣẹ̀, tàbí èmi gan-an ni mo ṣẹ̀. Orí mi ò dàrú tó báyìí rí láyé mi.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni mí. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo ń tà. Èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ kó o lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́, màá jókòó sórí àpótí, màá ṣa òkúta inú rẹ̀, màá fẹ́ ẹ, kí n tó dì í sínú ọ̀rá. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìrun márùn-ún kì í bọ́ lọ́wọ́ mi, mi kì í sì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi, Bàbá Sọfíà. Òkè Ọya ló ń kó ẹrù lọ, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọjú sílé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti so yìgì wa ní Ìfọ̀, nílé bàbá mi, mi ò sì kà á sí nǹkan kan. Ta ló máa ń bi awakọ̀ tírélà pé ibo lo sùn lánàá?

Ọmọ mi Sọfíà, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, ló ní òun fẹ́ kí n sinmi. Ó rí àwọn kan tó ń kó àwọn ìyá lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ méje nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, láti Dùbáì, ọkọ̀ tí kò sí ọtí nínú rẹ̀, tó sì ní ibi ìkírun. Mo ní mi ò lọ. Kí ni mo sọ nù sórí omi? Ó ní òun ti ṣètò rẹ̀ tán. Ló bá fi mí sínú gúrúùpù kan lórí fóònù, níbi tí gbogbo àwọn ìyá tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kó má baà jẹ́ pé inú ọkọ̀ la ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wojú ara wa bí àlejò.

Ẹ wò ó, mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnì kan bèèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí a gbé gàrí wọlé. Ẹlòmíràn ní òun ò lè máa jẹ ewé bí ewúrẹ́ fún odidi ọjọ́ méje. Èmi, ọ̀rọ̀ ìrun ló jẹ mí lógún. Mo ní bí ọkọ̀ bá ń yí lórí omi, ibo la máa kọjú sí? Ni obìnrin kan bá fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní, "Ìyá Sọfíà, ṣé ìwọ lo máa wa ọkọ̀ ni? Kọjú sí ibi tó o bá ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí tiẹ̀ lọ." Gbogbo gúrúùpù bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. Òkè-Aró ló ń gbé, ó sì ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì lọ́jà Àgbàdo, nítòsí ojú irin. Bó bá ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi tí rélùwéè fẹ́ kọjá, á ní, "Dúró, jẹ́ kí oníhùn-hùn yìí lọ ná." Á dákẹ́ títí yóò fi kọjá, á wá tẹ̀ síwájú níbi tó bọ́rọ̀ dé.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ń dá lọ wá ẹnì kejì tí wọn ó jọ wà ní yàrá kan, òun ló kọ́kọ́ pè mí. Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó fi ọdún méje jù mí lọ, mo bá ń pè é ní Àǹtí mi. Orúkọ rẹ̀ gan-an, mi ò béèrè. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ló ń bi àgbà obìnrin pé kí lorúkọ yín? Òun náà ò bi mí. Ìyá Sọfíà ni mí, Ìyá Ìbejì ni òun, ó tán. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ bá sì wọlé, òun á ní Bàbá Ìbejì, èmi á ní Bàbá Sọfíà. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ òun kì í gbélé. Mo ní tèmi náà kì í gbélé. Ó ní bó bá dé tán, ńṣe ni yóò máa wo òkè àjà, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbì kan. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn o! Mo ní, "Àǹtí mi, ọkùnrin tó bá ń dákẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi sùúrù fà á jáde." 

Lọ́jọ́ kan, ó sọ bí ikú ìyá rẹ̀ ṣe rí fún mi. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tó ti ń wá ọmọ nílé ọkọ kó tó lóyún àwọn ìbejì. Inú oyún yẹn ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún aláboyún nílẹ̀ wa. Wọ́n sin ìyá náà tán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i lójú. Ó ní òun tiẹ̀ ń di ẹja gbígbẹ, òun ń fi rán wọn sí ìyá òun, wọ́n ń gbà á, wọ́n ní ìyá ní òun dúpẹ́. Ẹ̀yìn ogójì ọjọ́ tó bímọ ni wọ́n tó jókòó yí i ká, tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó wá sọ fún mi pé, "Ìyá Sọfíà, ọ̀rọ̀ burúkú ò bà mí lẹ́rù mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí gbogbo èèyàn ti mọ̀, kó wá ku èmi nìkan. Bó o bá gbọ́ ohunkóhun tó kàn mí, bó ti wù kó korò tó, má fi pamọ́ fún mi. Ṣèlérí." Mo ní, "Mo ṣèlérí, mà, lórúkọ Ọlọ́run." Ṣé mo mọ ohun tí mo ń sọ?

Kò pẹ́ sígbà náà ni aṣáájú gúrúùpù ní kí àwọn tó jọ máa wà ní yàrá kan fi nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè nílé ránṣẹ́ síra wọn, nítorí àìsàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàárì tán ni ti Àǹtí mi wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè tọ́jú rẹ̀. Fóònù ò jẹ́ kí n kọ orúkọ kankan sí i. Nọ́ńbà náà ti wà níbẹ̀. Orúkọ tó gbé jáde ni Bàbá Sọfíà, àwòrán ọkọ mi sì jáde pẹ̀lú rẹ̀, níbi tó ti fẹ̀yìn ti tírélà rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi ni mo fi tèmi ránṣẹ́ tó padà sí mi lọ́wọ́. Mo tún un wò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkọ òun nìyẹn, pé ó lè má tètè gbé e bó bá wà lójú ọ̀nà. Mo jókòó sórí ẹní ìkírun mi. Ó wá bi mí pé tèmi dà? Mo fi nọ́ńbà àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìfọ̀ ránṣẹ́. Mo ní ọkọ mi kì í sábà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Irọ́ náà ò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí ojú ti ń tì mí jù nìyí, ẹ má bínú. Dípò kí n sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lẹ́nu rẹ̀. Mo fọgbọ́n bi í pé ọdún wo ni wọ́n ṣègbéyàwó, pé ta ni wọ́n jọ ṣe Iléyá tó kọjá. Ó ń fi inú kan dá mi lóhùn. Ọjọ́ tí ọkọ mi ní tírélà bàjẹ́ sí Jẹ́bà, Òkè-Aró ló wà, wọ́n ń sọ ọmọ Táíwò lórúkọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń tò jọ lọ́kàn mi. Ẹni tó pè mí lábúrò, mo di amí lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá sì pa mí lẹ́rìn-ín, mò ń rín in, nítorí ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi síbẹ̀. Èyí tó ń da orí mi rú nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni ọkọ mi dé. Ó ń jẹun lọ́wọ́ ni mo bi í pé, "Bàbá Sọfíà, ta ni Ìyá Ìbejì?" Mo sọ fún un pé èmi àti obìnrin náà la jọ fẹ́ lọ sójú omi. Kò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ ò sì tíì tán. Ó ní Ìyá Ìbejì ni òun kọ́kọ́ fẹ́, pé nígbà tí ọmọ ò dé ni àwọn ẹbí òun ní kí òun fẹ́ ẹlòmíràn. Lóòótọ́, bàbá mi bi í nígbà yẹn bóyá ó ní ìyàwó, ó ní òun nìkan lòun ń dá gbé. Yàrá kan ló gbà sí Ìfọ̀ nítorí iṣẹ́, òun nìkan ló sì ń gbé inú rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ fún ìyálé mi. Àfi bó ṣe di pé ìyálé mi náà lóyún lọ́dún yẹn gan-an, ìyá rẹ̀ tún kú, gbogbo ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ohun tó lè bà á lọ́kàn jẹ́. Nǹkan méjì ni wọ́n jọ fi pamọ́ fún aláboyún yẹn. Wọ́n sọ ọ̀kan nígbà tó yá. Wọn ò sọ ìkejì mọ́. Ọdún gorí ọdún. Ó ní, "Ìwọ lágbára. Òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbafẹ́ yín, kí ẹ padà wálé." Ó tún ní bó bá di dandan kí n sọ ọ́, kí n ní òní ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi, kí obìnrin náà má baà rò pé mo ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Irọ́ tó bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mọ òwe náà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹni tí òtítọ́ bá lójú ọ̀nà máa ṣe. Ọlọ́run yọ̀ǹda mẹ́rin fún ọkùnrin, mi ò lè jiyàn. Wọ́n kéde yìgì mi ní Ìfọ̀, ìkéde náà ni kò dé Àgbàdo. Èmi ni ìyàwó kékeré, ọmọ mi ló sì fi oṣù díẹ̀ dàgbà ju àwọn ìbejì lọ. Ta ló jẹ́ àkọ́bí? Bó bá jẹ́ pé wọ́n mú mi wọlé kí ìyálé mi bí ó ti yẹ, ṣé màá fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayé. Ṣé kí n wọ ọkọ̀ náà, tó jẹ́ pé èmi àti òun la jọ ni yàrá? Láti àná, mi ò gbúròó rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ti àná kí ẹ tó dáhùn.

Mo gbé àpò ìrẹsì kékeré kan, mo wọkọ̀ lọ sí Àgbàdo láàárọ̀. Kò rí mi lójúkojú rí, àwòrán mi nìkan ló mọ̀, àmọ́ bó ṣe tajú kán rí mi báyìí, ó dìde láàárín àwọn òwú rẹ̀, ó dì mọ́ mi. Ó ń sọ fún obìnrin ìsọ̀ kejì pé, "Ẹni tí a jọ ń lọ sójú omi nìyí o! Ẹ wò ó, ó tiẹ̀ kúrú ju ohùn rẹ̀ lọ." Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò dìde. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ní kí n má fi nǹkan pamọ́ fún yín." Mo gbé fóònù mi sí i lọ́wọ́, níbi tí orúkọ àti àwòrán náà wà. Mo ní, "Bàbá Ìbejì ni bàbá ọmọ mi. Yìgì ni wọ́n so fún wa, ó di ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n."

Ó wo àwòrán náà títí, ó wá wo ojú mi. Ó ní, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ohun tí ọkọ mi kọ́ mi wà lórí ahọ́n mi. Ká ní mo sọ ọ́, à bá jọ sunkún, ì bá gbà pé ohun kan náà ló ṣe àwa méjèèjì. Mo ní, "Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, mà. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo fi gbé nọ́ńbà àbúrò mi fún yín, irọ́ ni. Gbogbo ohun tí mo bi yín lẹ́yìn rẹ̀, mo ti mọ̀ kí n tó bi yín." Bí mo ṣe ṣèlérí fún un ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò yọ ọjọ́ kankan kúrò níbẹ̀.