Ìwé Gópál Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Fọ̀

Ẹ̀yin jámáà mọ́ṣáláṣí wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àti ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má tíì ṣàdúrà lé mi lórí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jẹ iyì tí kì í ṣe tèmi. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní Yemẹtù kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní omi tó ń wú mi lẹ́sẹ̀ ti dé ọkàn, kí n máa múra. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò lè di kálàmù mú, Èjìdé ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe. Ibi tí mo bá ti purọ́, kó kọ irọ́ náà bí mo ṣe pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí sí Fàsásì Nọ́ibì, igbákejì lẹ́mọ́mù, ẹ rántí pé iṣẹ́ ìwé dídì ni mo ń ṣe kí n tó di ẹnikẹ́ni. Àlùkùránì tí ikán bá ti jẹ awọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá, láti Ọjà'ba títí dé Òkè Bọ́lá. Ẹ̀yìn ògiri ilé wa ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí, èmi, abẹ́rẹ́ mi, òwú tí mo fi ìda pa, àti awọ ewúrẹ́ tí mo ti fá. Ibẹ̀ ni Gópál ti wá bá mi ní ọdún 1957.

Ará Íńdíà ni Gópál, ó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan lọ́nà Ògùnpa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ewú ti ń hù lórí rẹ̀, awò ojú rẹ̀ nípọn, ó sì gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa. Ó tú ìwé kan tó fi aṣọ pupa wé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Mo ṣí i, ẹnu yà mí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà Lárúbáwá ló kún inú rẹ̀, Bísímílà ló sì wà lókè ewé àkọ́kọ́. Mo ṣí ewé tó tẹ̀ lé e, mo rí àwòrán ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ dà bí aró, tó ń fọn fèrè láàárín màlúù.

"Ta nìyí?" ni mo bi í.

"Òrìṣà wa ni," ó wí. "Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, Alfa. Màlúù ló ń dà."

Mo bi í bí òrìṣà ṣe dé abẹ́ Bísímílà. Ó jókòó sí etí ẹní mi, ó ṣàlàyé. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ọba Mùsùlùmí ló jọba lórí ilẹ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ òrìṣà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n jọba lé lórí ń sìn. Ọba kan á dé, á wó ilé òrìṣà. Ọba mìíràn á dé, á ní òun kò lè ṣàkóso ẹni tí òun kò mọ ohun tó wà ní inú rẹ̀. Irú ọba bẹ́ẹ̀ a máa mú àwọn alfa àti àwọn àwòrò jókòó pọ̀; àwòrò á máa sọ ìtàn, alfa á máa kọ ọ́ ní èdè Páṣíà tí wọ́n ń lò láàfin. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ìdílé Gópál ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọba Mùsùlùmí, láti bàbá dé ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn àti alfa kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ da ìwé yìí kọ. Alfa yẹn ló fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀ ìtàn òrìṣà, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn ń gbà bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Gópál ṣí ewé tó kẹ́yìn, ó fi ìka hàn mí. Orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti ọdún Híjírà tí wọ́n parí iṣẹ́.

"Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì," ó wí, "apá àwọn Mùsùlùmí ni ìlú wa bọ́ sí. A sá. Ìyàwó mi gbé ọmọ, èmi gbé ìwé. Ọmọ náà kú lójú ọ̀nà, Alfa. Ìwé ló kù."

Mo ní n ó bá a ṣe é dáadáa. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fi awọ màlúù dì í, nítorí ohun ọ̀wọ̀ ni màlúù nílé wọn. Mo ní awọ ewúrẹ́ ni mo máa ń lò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba oṣù méjì, nítorí ewé rẹ̀ ti gbó. Gópál a máa yọjú sí mi bí ó bá ti rí àyè. Kò jẹ ẹran, kò jẹ ẹja. Kúbúrá ìyàwó mi a máa se ẹ̀wà tí kò fi edé sí sọ́tọ̀ fún un. Bí ó bá jẹun tán, á kà níbi kan nínú ìwé náà, á túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ kan ó ka ibi tí òrìṣà náà ti jẹ́ ọmọdé, tó ń jí wàrà ìyá rẹ̀ lá. Kúbúrá ní, "Ìyá rẹ̀ ò sì nà án?" Gópál ní ìyá rẹ̀ so ó mọ́ odó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ èyí kí ó lè yé yín pé mo mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ẹ má ṣe bá mi wá àwáwí. N kò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ọdún yẹn náà ni ipò nọ́ibì ṣófo. Orúkọ méjì ni àwọn àgbà ń dá, tèmi àti ti Alfa Gàníyù, tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo tẹ́ ìwé Gópál sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ, n kò mọ̀ pé Gàníyù ti dé ẹ̀yìn mi.

"Fàsásì, kí nìyí?"

"Ìwé oníbàárà ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkọ̀wé àwọn ará ibẹ̀ a máa fì wálẹ̀ bí ẹni ń sáré, kò dà bí tiwa, ojú Gàníyù kò sì ríran dáadáa mọ́. Bísímílà nìkan ló rí kà, àti àwòrán tí kò nílò kíkà.

"Orúkọ Ọlọ́run nìyí," ó wí. "Òrìṣà nìyí. Ìwọ lo sì ń fi awọ bò ó. Ẹni tó fẹ́ jẹ nọ́ibì."

Òótọ́ kò gùn. Bí mo bá ti ní, "Ìtàn ni, alfa kan ló kọ ọ́," n bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn, mo rí ipò náà tó ń fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Àlùkùránì ni ará Íńdíà ọ̀nà Ògùnpa yẹn pè é nígbà tó ń gbé e fún mi. Mo fẹ́ gbé e wá bá yín ni."

"Àlùkùránì ló ya òrìṣà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé ìwé náà lọ. N kò dá a dúró. Kúbúrá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá.

"Bàbá Èjìdé, ṣebí ìtàn ni ẹ ní kó máa kà fún wa."

"Bí o bá la ẹnu rẹ, ilé yìí dàrú," mo wí.

Ó ní, "Kí ni wọ́n máa fi ọkùnrin yẹn ṣe?" Mo lè sáré lọ sí Ògùnpa lọ́jọ́ yẹn láti kìlọ̀ fún un. Mo wẹ̀, mo jẹun, mo sùn.

Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti lọ fa Gópál láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n mú un gba Bẹẹrẹ kọjá, èrò ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé iwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ̀wù rẹ̀ ti fàya, awò ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Ó ń wá mi kiri láàárín èrò. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó rò pé òun ti rí ẹni tí yóò gba òun.

Lẹ́mọ́mù wa ìgbà náà, arúgbó tí kì í pariwo, gbé ìwé náà lé orí orókún, òun náà kò rí ju Bísímílà kà. Ó ní, "Fàsásì, ìwọ ni o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló ní ó jẹ́?"

Gópál ní, "Alfa, ẹ sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo gbé ọwọ́ mi lé Àlùkùránì. Mo ní ọkùnrin yìí pe ìwé náà ní Àlùkùránì, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Àwọn kan ní kí wọ́n dáná sun ún. N kò mọ̀ bóyá ìwé ni wọ́n ń sọ tàbí òun fúnra rẹ̀. Lẹ́mọ́mù ní rárá, a kì í fi ìbínú sun orúkọ Ọlọ́run, kí a fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ wàláà ilé kéwú, kí a da omi rẹ̀ sí kòtò, kí ọkùnrin náà máa lọ ní àlàáfíà. Wọ́n bèèrè ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Gbogbo ojú yí sí mi, èmi tí mo mọ ìwé. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀mí Gópál ni mo fẹ́ gbà là. Irọ́ ni. Lẹ́mọ́mù ti gbà á là. Ipò ni mo ń fọ̀wé fún.

Wọ́n gbé abọ́ omi ńlá wá. Mo tú òwú tí mo fi ọwọ́ mi rán, mo ń mú ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́ kò bá omi jà rárá. Mo fi àkísà nù ún, ọ̀rọ̀ náà lọ. Aró ara òrìṣà yẹn ṣàn sí mi lápá. Ọkùnrin méjì di Gópál mú, ó dúró, kò sunkún, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ọwọ́ mi. Mo gbàdúrà pé kí ó bú mi. Kò bú mi.

Nígbà tó ku ewé kan, wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Lẹ́mọ́mù dìde, Gàníyù dìde, èrò lọ ṣe àlùwàlá. Àwọn tó di Gópál mú náà fi í sílẹ̀. Ó wá lóṣòó níwájú mi.

"Alfa, ewé kan yìí nìkan. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Orúkọ ni. Ẹ fún mi, n ó fi sápò, n ó máa lọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nìyí. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Kò sí Gàníyù, kò sí èrò, kò sí ẹni tí mo lè di ẹ̀bi rù. Ewé náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo wò ó, mo rí orúkọ alfa yẹn, mo rí orúkọ bàbá ńlá Gópál lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí alfa kan tó mọ̀wé bá rí ewé yìí lọ́jọ́ kan, yóò mọ̀ pé alfa ló kọ ìwé náà, àti pé mo búra èké. Mo rì í sómi. Gópál ti ọwọ́ bọ inú abọ́ náà tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ó lè kó ọ̀rọ̀ náà jọ. Ọwọ́ rẹ̀ jáde ní dúdú. Kò nù ún. Ó dìde, ó gba ọ̀nà Màpó lọ.

Kí oṣù náà tó parí, ó ti kúrò ní Ìbàdàn. Wọ́n wé láwàní fún mi, Gàníyù fúnra rẹ̀ ló tì mí lẹ́yìn. Ẹ ń pè mí ní ẹni tó gbèjà Kùránì. Mo ń fi bẹ́ẹ̀ ṣe wáàsí. Kúbúrá kò bá mi jà. Ó kàn dẹ́kun àtimáa rẹ́rìn-ín nítòsí mi. Nígbà tó fẹ́ kú ní ọdún 1963, ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Bàbá Èjìdé, ẹ kọ̀wé sí i." N kò kọ ọ́.

Èjìdé tó ń kọ èyí kò ní fẹ́ kọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n yóò kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé fún ìsinmi. Ó ní, "Bàbá, wọ́n kọ́ wa nípa àwọn ọba Mùsùlùmí tó jẹ ní Íńdíà. Wọ́n ní wọ́n a máa túmọ̀ ìwé àwọn tó ń sin òrìṣà. Ìwé tí ẹ fọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣé kì í ṣe irú rẹ̀ ni?" Mo ní kó lọ bù mí lómi mu. Ó bu omi wá, kò sì bi mí mọ́. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti mọ̀.

Nígbà tí àìsàn yìí dá mi wólẹ̀, mo ní kó kọ̀wé. Akọ̀wé kan ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ yẹn ló wá àdírẹ́sì Gópál fún wa, ní ìlú Bọ́ńbè ní Íńdíà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, èsì dé. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ìlà méjì ló wà lókè: ọkọ òun ti kú, ọ̀rọ̀ tó ní kí òun sọ fún mi bí mo bá kọ̀wé lọ́jọ́ kan wà nísàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tán síbẹ̀. Ìyókù, ojú ewé kan gbáko, èdè wọn ló fi kọ ọ́, ní irú lẹ́tà tí mo fọ̀ yẹn. Èjìdé gbé e lọ fún àwọn ará Íńdíà tó wà nígboro. Wọ́n ní apá ibòmíràn ni àwọn ti wá, àwọn kò gbọ́ èdè yẹn. Mo ti fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo pe gbogbo lẹ́tà rẹ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ mi nìkan ni mo rí, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó lọ fa Gópál wá, ẹ ti di bàbá ọmọ báyìí. Èmi ni mo rán yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò kúrò níjòókòó. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń wá ipò sọ ohun tí ẹ ó kórìíra fún yín. Ẹ gba láwàní yìí kúrò lórí mi kí ẹ tó sin mí. N kò mọ̀ bí mo ṣe lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ti kú, n kò sì mọ̀ bóyá ó ti fún mi tàbí ó fi mí lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè náà, ẹ mú un wá kíá, kí ó ka ìwé tí ìyàwó Gópál kọ yìí sí mi létí. Bí ó bá bá mi lókùú, kí ó kà á níwájú jámáà, kí ó má sì fo ibi tó bá korò.