Lẹ́tà Tó Wà Nínú Agolo Bisikíìtì Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún méje tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ló mú mi sọ̀rọ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ọmọ mi fẹ́ dìde níwájú èèyàn, kó sọ irọ́ tí mo pa fún un, láìmọ̀ pé irọ́ ni.

Peckham ni à ń gbé. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Èmi ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama ìjọba kan tí kò jìnnà sí ilé wa, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Farida, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Farida fẹ́ wọ ilé ìwé girama, bàbá rẹ̀ ní ilé ìwé aládàáni ló máa lọ, dandan. Ilé ìwé ńlá kan wà tó máa ń gba ọmọ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá yege nínú ìdánwò wọn. Farida ṣe ìdánwò náà. Kí èsì tó dé, wọ́n ní kí àwa òbí wá wo ilé ìwé. Ìyá kan tó múra dáadáa bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó rò pé tíṣà ni mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí, mi ò sì sọ fún un pé ṣíbí ọbẹ̀ ni mò ń mú dání, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Inú bọ́ọ̀sì ni ojú ti wá tì mí. Mo ní, bí iṣẹ́ mi bá lè ti èmi tí mò ń ṣe é lójú láàárín wákàtí kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí Farida láàárín ọdún méje? Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ mi á máa sá fún mi.

Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo tú u. Wọ́n mú Farida, ọ̀fẹ́ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi tán. Mo fẹ́ fa ìwé náà ya, ṣùgbọ́n orúkọ Allah wà nínú orúkọ ìdílé wa, a kì í sì í ju irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú ìdọ̀tí. Ni mo bá ká a, mo tì í bọ inú agolo bisikíìtì tí mò ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Ẹ wò mí o. Mo bẹ̀rù láti ju orúkọ Ọlọ́run sí bíìnì, mi ò bẹ̀rù láti parọ́ lójú Rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ àti bàbá rẹ̀ pé kò yege. Nígbà tí ilé ìwé náà pè, mo ní a ti rí ibòmíràn.

Ọjọ́ méjì ni Farida fi sunkún. Dòdò pàápàá, kò jẹ ẹ́.

Bó ṣe di ọmọ ilé ìwé tiwa nìyẹn. Kí n má parọ́ kún irọ́, mo gbádùn ọdún méje yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lórí ìlà oúnjẹ, tí mo sì ń fi ọ̀dùnkún kún tirẹ̀. Ó ń kàwé bí ẹni tó ń bínú sí ẹnì kan. Ní báyìí, yunifásítì ti mú un láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ti bàbá rẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ní aládàáni dandan ti di oníwàásù ilé ìwé ìjọba. Ní àsàlátù wa, Lukman, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbà pé ó yẹ kí ìjọba fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ìwé owó, kí kálukú fi mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé tó wù ú. Ọkọ mi kì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Lukman, voucher kí ni? Ọmọ tèmi fail exam private, state school ló gbà á, wá wo result ẹ̀. Tí gbogbo yín bá gba voucher sá lọ, ta ló máa kù síbẹ̀?"

"Alhaji, tiyín bọ́ sí i ni. Ẹni tí state school àdúgbò ẹ̀ ò dáa ńkọ́? Ṣé kò yẹ kóun náà ní choice ni?"

Wọ́n á máa fà á, èmi á máa pín ẹ̀pà. Farida ní choice o. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsàlátù ti wá ní kí Farida bá àwọn ọmọ kéékèèké sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sunday, lórí bí èèyàn ṣe lè féèlì kó sì tún dìde. Lánàá, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà sí mi létí bí mo ṣe ń gé ata. Mo fi ṣe eré, mo ní, ká ní o yege ńkọ́, ṣé wàá lọ?

Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, ta ló máa wá fún mi ní extra potatoes?" Ó ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ if I would've gone. But ká ní mo mọ̀ pé mo pass, that would've been nice, innit."

Mo ní ata ló ta sí mi lójú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, wàásù ọkọ mi dópin nìyẹn, Lukman á sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Ìyẹn ò ní pa mí. Ti Farida ló ń dùn mí. Mo ti yọ lẹ́tà náà kúrò nínú agolo, ó wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ ní kí n dákẹ́. Ọmọ ló máa ń kúnlẹ̀ fún ìyá nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi bí ìyá ṣe ń bẹ ọmọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ gbé lẹ́tà lé e lọ́wọ́, kó rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kó mọ̀ pé òun ò féèlì rí?