Ìran Àwọn Amùjẹ̀ àti Ilẹ̀kùn Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìdúró sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí mo bá jókòó, ìtìjú kò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Tóbi, tí ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, opó Bàbá Tóbi tí gbogbo yín bá mi sin.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ ni ilé ti ń tóbi jù fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi àwọn ìwé ìtàn kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìtàn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin inú wọn kì í ṣe èèyàn bíi tiwa. Fáńpáyà ni wọ́n ń pè é, òkú tí kò jẹrà, tó rẹwà, tó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ ró. Yóò rí ọmọbìnrin kan, ìfẹ́ rẹ̀ yóò kó sí i lórí, òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà yóò sì máa gbẹ ẹ́, yóò máa kó ara rẹ̀ ní ìjánu.

N kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ó dùn mọ́ mi. Ọkùnrin náà kì í kú, ẹ̀yin ará. Ó ti gbé ayé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò rí ẹni tó wù ú àfi ọmọbìnrin kan ṣoṣo, èèyàn lásán bíi tèmi. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi pa ojú ọkọ mi dé, báwo ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní dùn mọ́ mi? Bí mo bá ti parí ọ̀kan, màá mú òmíràn. Wọ́n jọra wọn bí ìbejì, mo sì mọ̀, síbẹ̀ n kò dẹ́kun.

Ẹ tún mọ Àdùkẹ́ àbúrò mi, aránṣọ, tó máa ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin tẹ́lẹ̀. Ó lọ́kọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo. Àdùkẹ́ wá bá mi nílé lọ́jọ́ kan, ó jókòó létí ibùsùn mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gba fóònù mi. Tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé àga síwájú fèrèsé, á máa wò mí títí n ó fi ṣíwọ́. Ó ní kí n fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, pé ohùn mi, tòun nìkan ni. Bí mo bá lajú lójú oorun, á ti jókòó tì mí, á máa wò mí. Kò lù mí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.”

Ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ ohun tí o ní. Ìfẹ́ nìyẹn. Mélòó nínú wa ló rí ọkùnrin tí yóò máa wò ó bó ṣe ń sùn? Padà sílé ọkọ rẹ, kí o má ṣe bínú orí.”

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì lọ. Ohun tí mo fi gbà á nímọ̀ràn yẹn, inú ìwé ni mo ti kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà àwẹ̀ àwọn obìnrin, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, mo na ara mi sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìjọsìn yìí. Mò ń gbọ́ bí Màmá Ìjọ ṣe ń gbàdúrà, ohùn wọn ń jìnnà, ó ń jìnnà. Mo rí obìnrin àgbà kan tó ró ìró funfun, tó dúró sórí mi. Ó ní, “Dìde, ká lọ.” Mo dìde, mo sì rí ara mi lẹ́yìn lórí ẹní, ẹnu mi là sílẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ ń jó ẹsẹ̀. A kọ́kọ́ dé ibi tí àwọn òpùrọ́ wà. Olúkúlùkù ń sọ òtítọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú igbe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn alágbèrè. Wọ́n ń wá ojú ẹni tí wọ́n dà, wọn kò sì rántí ojú náà mọ́. Mo fẹ́ dúró wò wọ́n dáadáa. Màmá aláṣọ funfun náà ní, “Má wò wọ́n pẹ́. Kì í ṣe nítorí wọn ni mo ṣe mú ọ wá.”

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkùnrin kan tó dá dúró lábẹ́ àpáta. Ó ga, awọ ara rẹ̀ ń dán, ó rẹwà ju ẹnikẹ́ni tí mo ti rí láyé. Ojú tó fi wò mí dà bí ojú ẹni tó ti ń dúró dè mí kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin ará, ní ọ̀run àpáàdì gan-an, níbi tí iná ti ń jó èèyàn, ọkàn mi fò sí i. Mo tún ìró mi ró. Ohun tó ń tì mí lójú jù nínú gbogbo ìran náà nìyẹn.

Ó ní, “Ìwọ nìkan ni mo fẹ́. Láìsí ìwọ, n ó kú.”

Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan. Màmá náà dì mí lápá mú, ó ní, “Dúró, gbọ́ ọ.”

Ọkùnrin náà yíjú sí màmá, ó ní, “Ìwọ nìkan ni mo fẹ́. Láìsí ìwọ, n ó kú.” Ó yíjú sí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kan náà sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún òkúta. Ó la ẹnu, mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbẹ, ó sán bí ilẹ̀ ọ̀dá.

Mo bèèrè pé, “Ṣé fáńpáyà ni?”

Màmá ní, “Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Baálé ilé ni láyé. Ó ní ìyàwó, ó pè é ní ẹ̀mí òun, ó sì mu ún bí omi títí obìnrin náà fi tán. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó pè é ní ìfẹ́.”

“Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ti sinmi. Kò sí níbí.”

A rìn síwájú, a dé ibi ògiri gígùn kan tó kún fún ilẹ̀kùn. Níwájú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni obìnrin kan dúró sí, tó fi ọwọ́ méjèèjì tì í pa. Obìnrin gidi ni wọ́n, ẹ̀yin ará mi, wọ́n wé gèlè, òmíràn kọ́ àgbélébùú sọ́rùn bí èmi. Ọwọ́ wọn ti lẹ̀ mọ́ pákó. Láti inú lọ́hùn-ún ni ẹnìkan ti ń kan ilẹ̀kùn, tó ń bẹ̀bẹ̀.

Mo ní, “Màmá, kí ni àwọn yìí ṣe? Wọn kò dà bí apànìyàn.”

“Wọn kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ sá jáde ni wọ́n ní kó padà sínú ilé.”

Ilẹ̀kùn kan wà tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n kàn án, mo gbọ́ ohùn, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí,” mo ní Àdùkẹ́ ni, mo sáré, mo fẹ́ ṣí i, mo fẹ́ fà á, ṣùgbọ́n bí mo ti gbé ọwọ́ lé e ńṣe ni ọwọ́ mi ń tì í, mò ń sọ fún ọwọ́ mi pé fà á, ọwọ́ mi ń tì í, ó ń kàn án, ó ń ké, ẹnu mi là, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni, “Ìfẹ́ nìyẹn, padà sílé,” mo fẹ́ gé ẹnu náà sọnù, ó tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́, títí màmá fi gbá mi mú láti ẹ̀yìn tó já mi kúrò, awọ àtẹ́lẹwọ́ mi sì kù sára pákó.

Kò bá mi wí. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́ mi, a sì gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ tutù, tí ìmọ́lẹ̀ sì kún. Pápá kan wà níbẹ̀ tó kún fún àwọn èèyàn, ara wọn balẹ̀. Àwọn kan ń kọrin, àwọn kan kàn jókòó, wọ́n ń tẹ́tí. Mo rí Bàbá Tóbi láàárín wọn. Mo ti rò pé bí mo bá rí i, yóò sáré, yóò di mọ́ mi, yóò ní òun kò lè mí láìsí mi. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi tó ń ro mí mú.

Mo ní, “Bàbá Tóbi, ṣé àárò mi ò sọ yín ni?”

Ó ní, “Àárò rẹ ń sọ mí. Ṣùgbọ́n kò pa mí lára. Mo lè dúró dè ọ́.” Ó wá wo ojú mi. “Àdùkẹ́ ńkọ́?”

Ó fẹ́ràn Àdùkẹ́ bí ọmọ. Níwájú rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọrin. Mo wo ilẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ń dúró kí n dáhùn. Lójú ìmọ́lẹ̀ yẹn, n kò ríbi fi ojú mi pamọ́ sí.

Màmá Ìjọ ló ń gbọ̀n mí jí. Wọ́n ní mò ń ké “ẹ ṣí i, ẹ ṣí i.” N kò mu omi tí wọ́n fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi kálọ, àwa méjèèjì sì forí lé ilé Àdùkẹ́ nínú oòrùn náà.

Ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàbọ̀, màmá. Ó ń sinmi ni.”

Mo ní, “Èmi àti àbúrò mi la ní ọ̀rọ̀.” Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdùkẹ́ jókòó nínú yàrá, fèrèsé tì pa. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní, “Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́sí kì í ṣe òtítọ́. Inú ìwé ni mo ti rí i. Dìde, ká máa lọ sílé mi.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú ọ̀rọ̀ yín ni kí n wá gbà gbọ́?”

Màmá Ìjọ ló dì í lọ́wọ́ mú tó fi dìde. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé wa dé títì, ó ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé láìsí i, òun yóò kú. Àdùkẹ́ kò bojú wẹ̀yìn.

Ó wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ó ń jẹun, ó ń kí mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Màmá Ìjọ ló ń lọ sọ ọ́ fún. Kì í sọ ọ́ fún mi.

N kò sọ pé ẹni tó ń ka ìtàn ti dẹ́ṣẹ̀. Mo mọ ohun tó dùn níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó tún máa dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn ìwé tí mo kà, ọmọbìnrin náà kì í ní ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tí yóò sá lọ bá. Àdùkẹ́ ní ẹ̀gbọ́n, ó sì sá wá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ kan bá jókòó létí ibùsùn yín tó ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára ilẹ̀kùn nígbà tí ọwọ́ ṣì lè kúrò.