Ìpanu Tí Mo Pè Ní Oúnjẹ Alẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti lo ọdún mẹ́ta nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ìwó ni mò ń gbé, báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni ọkọ mi. Ìyá tó bí i kú nígbà tó wà ní kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló sì tọ́ ọ dàgbà ní Kuta. Ìyá Kuta ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Nínú ààwẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ mi ní kí Ìyá wá ṣínu nílé wa, kí wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù dání. Ó ra iṣu mẹ́ta àti adìẹ kan sílẹ̀. Ó ní kí n gúnyán, torí iyán ni Ìyá fẹ́ràn jù. Ó yẹ kí òun náà wà nílé, àmọ́ wọ́n pè é sí ìpàdé ní Òṣogbo, kò sì lè tètè dé.

Mo pẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà ń gbààwẹ̀, ó rẹ̀ mí, orí ń fọ́ mi. Mo kàn ra ìpanu lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń dín in lẹ́bàá ọ́fíìsì wa, pọ́fù-pọ́fù, sàmósà àti ẹran tí wọ́n fi igi gún. Mo tò ó sínú àwo tó dáa, mo gbé dàbínò àti kúnú tì í.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í kúkú ṣe pé mo kórìíra wọn. Mo máa ń rí i lórí fóònù pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń gba àlejò lálẹ́, tí wọ́n sì ń pè é ní oúnjẹ. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ yó, ó parí nìyẹn.

Wọn ò jẹ ẹ́ yó. Wọ́n fi dàbínò ṣínu, wọ́n mu kúnú díẹ̀, wọ́n jẹ sàmósà kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ nínú de oúnjẹ gidi. Èmi náà mọ̀ pé ohun tá a fi ń ṣínu kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ̀yìn ìrun Mọ̀gáríbì lèèyàn ń jókòó ti òkèlè. Wọ́n kírun tán, wọ́n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jókòó padà, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ ọ̀tún wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá o, mà. Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ wa." Ìyá wo ọwọ́ wọn, wọ́n fi ìborùn nù ún. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo sì bá wọn pe kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ọkọ mi dé tó bi mí, mo ní mo gúnyán, wọ́n sì jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Mo ti kó iṣu àti adìẹ náà sínú bùútù mọ́tò mi. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo kó o fún láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyá ò fẹjọ́ sùn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló béèrè ohun tí wọ́n jẹ nílé wa, wọ́n sì dá a lóhùn pé pọ́fù-pọ́fù ni. Ọ̀rọ̀ bá di ti ẹbí. Ọkọ mi búra pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo jẹ́ kí ìyá òun padà sílé pẹ̀lú ebi lẹ́nu ààwẹ̀, tí mo tún wá parọ́ lé e, màá kó ẹrù mi lọ sílé bàbá mi.

Wọ́n pè wá sí Kuta. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. Olórí ẹbí bi Ìyá bóyá mo gbé oúnjẹ fún wọn àbí mi ò gbé e. Ìyá wò mí.

"Ó gúnyán fún wa," ni wọ́n wí. "A jẹun. Èmi ni mo gbàgbé. Orí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan dúró mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu mi. Ohun tí mo sọ ni, "Ẹ ṣé, mà." Ọkọ mi bẹ̀ mí lójú gbogbo wọn, mo sì gba ẹ̀bẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá méjèèjì ò sọ nǹkan kan títí dòní. Bóyá Ìyá ló ní kí wọ́n dákẹ́, mi ò mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé Ìyá ń ṣarán. Tẹ́lẹ̀, ẹbí ò ní fọmọ fọ́kọ láì kọ́kọ́ bi wọ́n. Bí Ìyá bá dá sí ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn ìyàwó ilé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ ti tún gbàgbé." Wọ́n gba sítóòfù lọ́wọ́ Ìyá, wọ́n ní kí Ìyá má baà dáná sunlé. Nígbà tó yá, ọkọ mi lọ mú Ìyá wá sọ́dọ̀ wa, ó ní kí n máa tọ́jú wọn.

Nǹkan kan ò ṣe orí Ìyá nígbà tí wọ́n dé. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo wọlé bá wọn lọ́jọ́ kan, mo ní mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọkọ mi. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ilé ẹ ni kó o mójú tó," ni wọ́n wí. "Èmi ti dàgbà." Mo sì tún dákẹ́.

Ọkọ mi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí dókítà bá bi Ìyá ní nǹkan, ọkọ mi ló ń dáhùn. Dókítà kọ oògùn fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tá a padà lọ, ọkọ mi ní ìgbàgbé náà ò dínkù, dókítà bá fi kún oògùn náà. Ìyá ń sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ báyìí. Lánàá, wọ́n pe ọkọ mi ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Mi ò sunkún. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti mọ nǹkan kan lára mọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé mi tú, gbogbo ẹbí á sì mọ̀ pé Ìyá náà parọ́ nítorí mi. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, èmi náà ni màá máa fi ọwọ́ ara mi fún wọn ní oògùn àìsàn tí kò ṣe wọ́n. Wọ́n máa ń gbà á, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Oògùn náà wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìyá sì ti jí, wọ́n ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?